Ta Ni Yóò Wa Tírélà Náà Nígbà Tí Ìbọn Bá Ń Dún?

Tánkì Challenger 2 ti àwọn ọmọ-ogun Gẹ̀ẹ́sì wúwo ju 60 tọ́ọ̀nù lọ. Bí ọ̀nà bá jìn, kò sí ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ irin tánkì rìn láti bárékè dé ojú ogun. Yóò hú ọ̀dà ojú títì, epo tí yóò mu kò ní kéré, ẹsẹ̀ irin náà yóò sì ti jẹ kó tó débi tí wọ́n ti nílò rẹ̀. Orí tírélà ló ń gùn lọ. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀ ni pé tírélà ọ̀hún kì í ṣe ti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2001, Ilé-iṣẹ́ Ètò Ààbò wọn tọwọ́ bọ̀wé pẹ̀lú FASTTRAX, ilé-iṣẹ́ tí KBR ti Amẹ́ríkà dá sílẹ̀ nítorí iṣẹ́ yìí: orí ọkọ̀ 92 tí Oshkosh ṣe, tírélà 89 tí King ṣe, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìlà táyà méje. Aládàáni ló wá owó, òun ló ra ọkọ̀, òun ló ń tún wọn ṣe, òun náà ló sì ń gba awakọ̀. Àdéhùn náà ni pé kí ìjọba máa sanwó iṣẹ́ fún ogún ọdún àti díẹ̀.

Àjọṣepọ̀ ìjọba àti aládàáni kò ṣàjèjì sí wa. Ibùdókọ̀ òfuurufú MMA2 ní Ìkẹjà, aládàáni ló kọ́ ọ, tó sì ń gbowó lọ́wọ́ àwọn tó ń lò ó. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ológun kò ní géètì tí èrò ń gbà kọjá. Oníbàárà kan ṣoṣo ló wà, ìjọba ni. Oníbàárà yẹn lè má lo ọkọ̀ kankan fún ọdún mẹ́ta, kó wá nílò gbogbo wọn láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ibẹ̀ ni wàhálà irú àdéhùn yìí ti ń wá, ibẹ̀ náà ló sì yẹ kí ẹni tó bá fẹ́ kọ ọ́ ti bẹ̀rẹ̀ ìrònú rẹ̀.

Ìmúrasílẹ̀ ni ìjọba ń rà. Owó rẹ̀ sábà máa ń pín sí méjì. Èkíní ni owó ìmúrasílẹ̀, tí wọ́n ń san lóṣooṣù yálà ọkọ̀ jáde tàbí kò jáde. Inú rẹ̀ ni gbèsè báńkì wà, owó oṣù mẹkáníìkì, ìbánigbófò, àti èrè. Èkejì ni owó ìlò, tí wọ́n ń ka ní máìlì tàbí ní wákàtí. Bí ọkọ̀ tó yẹ kó wà nílẹ̀ kò bá sí nílẹ̀, wọn a gé nínú owó ìmúrasílẹ̀. Gbogbo agbára tí ìjọba ní lórí agbaṣẹ́ṣe wà nínú gígé owó yìí, torí pé lẹ́yìn tí wọ́n bá ti tọwọ́ bọ̀wé, kò sí ẹlòmíràn lágbègbè tó lè gbé ọkọ̀ 92 irú èyí kalẹ̀ lóṣù kan.

Ẹ wá wo gbólóhùn kékeré yẹn, "wà nílẹ̀". Bí aago mẹ́fà òwúrọ̀ bá lù, tí wọ́n ń pàrọ̀ ọ́ìlì ọkọ̀ kan lọ́wọ́, ṣé ó wà nílẹ̀? Bí ọkọ̀ bá pé, ṣùgbọ́n tí awakọ̀ rẹ̀ ti lo gbogbo wákàtí tí òfin gbà á láàyè láti wakọ̀ lọ́jọ́ náà ńkọ́? Bí ọmọ-ogun bá ń gun tánkì sórí tírélà, tó fi ẹsẹ̀ irin fọ́ pẹpẹ rẹ̀, owó ta ni wọn yóò gé? Àdéhùn tó bá dára máa ń dáhùn gbogbo èyí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: bí bíréèkì ṣe gbọ́dọ̀ rí, bí táyà ṣe gbọ́dọ̀ nípọn tó, iye wákàtí tó gbọ́dọ̀ kù lára awakọ̀, àti ẹni tí yóò wo ọkọ̀ tó bàjẹ́ láti sọ ẹ̀bi ẹni tó jẹ́, láàárín ọjọ́ mélòó. Níbi tí wọn kò bá ti kọ ọ́, ẹjọ́ ni wọ́n máa ń fi ọdún méjì àkọ́kọ́ ṣe.

Iye tí wọ́n ń gé gan-an ṣe pàtàkì ju bí àwọn lọ́yà ṣe máa ń rò lọ. Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní odidi gíà kan jẹ́ 50,000 pọ́n-ùn, tó sì ń gba ọgbọ̀n ọjọ́ kó tó dé láti ọwọ́ ilé-iṣẹ́ tó ṣe é. Bí ìjọba bá ń gé 100 pọ́n-ùn lójúmọ́ fún ọkọ̀ tí kò sí nílẹ̀, àdánù agbaṣẹ́ṣe kò ju 3,000 lọ. Oníṣòwò wo ni yóò ra gíà 50,000 pamọ́ nítorí 3,000? Yóò jẹ́ kí ọkọ̀ jókòó, yóò sì gba owó ìtanràn náà mọ́ra. Ìwé àdéhùn ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Owó tí wọn yóò gé gbọ́dọ̀ máa gòkè bí ọjọ́ bá ti ń gorí ọjọ́, ó sì gbọ́dọ̀ di ìlọ́po nígbà tí ọkọ̀ bá bàjẹ́ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Tírélà kan tí kò sí, ìnira ni. Mẹ́wàá tí kò sí lọ́jọ́ kan náà, odidi ẹgbẹ́ ọmọ-ogun kan ni kò lè ṣí kúrò lójú kan.

Ìjọba náà ní ojúṣe tirẹ̀. Ẹni tó bá ń ra ìmúrasílẹ̀ gbọ́dọ̀ máa sanwó lásìkò, Ìbàdàn sì ní ìtàn lórí èyí. Ẹfúnṣetán Aníwúrà, Ìyálóde Ìbàdàn, máa ń ta ìbọn àti ẹ̀tù láwìn fún àwọn olórí ogun, kí wọ́n lè san án lẹ́yìn tí wọ́n bá kó ìkógun bọ̀. Gbèsè ń gorí gbèsè. Nígbà tó kọ̀ tí kò ta láwìn mọ́, ìyẹn wà lára ohun tó da òun àti Ààrẹ Látòósà rú, wọ́n sì pa á ní ọdún 1874. Kò sí ilé ẹjọ́ tí yóò gbé àwọn ajigbèsè lọ. Lóde òní, báńkì ló máa ń bá aládàáni rò ó tẹ́lẹ̀: bí ìjọba kan bá lórúkọ pé ó ń fi owó falẹ̀, èlé tí báńkì yóò bu lé owó náà ti pọ̀ sí i kí ọkọ̀ kankan tó dé, ìjọba kan náà ni yóò sì san án padà nínú owó oṣooṣù.

Ó ku ẹni tí yóò wa ọkọ̀. Ìbéèrè yìí ló ń fọ́ ọ̀pọ̀ àdéhùn tó dára lójú ìwé. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti rí i kí wọ́n tó dé ìdí tírélà. Òfin Reserve Forces Act ti ọdún 1996 fàyè gba irú ọmọ-ogun kan tí wọ́n ń pè ní Sponsored Reserves. Lọ́jọ́ tí kò sí nǹkan, òṣìṣẹ́ aládàáni ni, aládàáni ló ń sanwó oṣù rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti forúkọ sílẹ̀, ó ti gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́, ó sì ní ipò. Bí ìjọba bá pè é, aṣọ ológun ló máa wọ̀, abẹ́ àṣẹ ọ̀gágun ló máa wà, iṣẹ́ tó ń ṣe tẹ́lẹ̀ náà ló sì máa ṣe. Díẹ̀ lára àwọn awakọ̀ tírélà náà ló wà nínú ètò yìí, àwọn atukọ̀ ojú omi tí mo máa mẹ́nu bà láìpẹ́ náà wà níbẹ̀.

Ìdí tí wọ́n fi ṣe é bẹ́ẹ̀ ni pé òfin ogun ní ààlà. Àdéhùn Geneva Kẹta ti ọdún 1949 sọ pé ará ìlú tó bá ń tẹ̀lé ọmọ-ogun láti pèsè nǹkan fún wọn, tó ní ìwé àṣẹ lọ́wọ́, ẹlẹ́wọ̀n ogun ni bí ọ̀tá bá mú un. Ó jẹ́ ààbò fún un. Síbẹ̀ kò sọ ọ́ di ẹni tí ọ̀gágun lè pàṣẹ fún. Ará ìlú lè fiṣẹ́ sílẹ̀ lóru ọjọ́ tí ogun bẹ̀rẹ̀, tí ìyà kankan kò ní jẹ ẹ́ ju pé kò ní gba owó oṣù mọ́. Ilé-iṣẹ́ ìbánigbófò lè kọ̀wé pé àwọn kò dáàbò bo ẹnikẹ́ni tó bá kọjá ibodè kan. Ọ̀gá tó ti kó ìrètí lé irú awakọ̀ bẹ́ẹ̀ yóò wá rí i pé tírélà pé, tánkì pé, kò sì sí ẹni tó lè gbé wọn lọ.

Ìṣirò iye awakọ̀ ni wọ́n sábà ń ṣe tì. Tírélà ogún lójú ogun ń fẹ́ awakọ̀ méjì-méjì, ogójì èèyàn nìyẹn. Bí wọ́n bá ń pààrọ̀ wọn lóṣù mẹ́fà-mẹ́fà, ogójì wà lójú ogun, ogójì ń gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́, ogójì ṣẹ̀ṣẹ̀ darí ń sinmi. Ọgọ́fà orúkọ ni, fún ogún ọkọ̀. Lára ọgọ́fà yẹn, wọn yóò rí ẹni tí ara rẹ̀ kò gbà á mọ́, ẹni tí ọjọ́ orí rẹ̀ ti kọjá, àti ẹni tó ti forúkọ sílẹ̀ nínú ẹgbẹ́ ọmọ-ogun àfipamọ́ mìíràn, tó jẹ́ pé ọ̀nà méjì ni wọ́n ti ń kà á. Àdéhùn gbọ́dọ̀ sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí iṣẹ́ tó kù nílé nígbà tí àwọn tó mọ iṣẹ́ jù bá ti lọ. Bí ìjọba bá kó awakọ̀ lọ, tó tún ń gé owó pé iṣẹ́ ilé falẹ̀, agbaṣẹ́ṣe yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwọn tí kò já fáfá sínú ìwé orúkọ náà.

Ojú omi ni ètò yìí ti yọrí sí rere jù, lójú tèmi. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2002, ilé-iṣẹ́ Foreland Shipping gba àdéhùn láti pèsè ọkọ̀ ojú omi mẹ́fà tí wọ́n ń wa mọ́tò wọ inú rẹ̀ láti ìdí. Wọ́n gùn ní mítà 193. Wọ́n kan Hartland Point àti Anvil Point ní Belfast, mẹ́rin yòókù ní Flensburg, ní Jámánì. Mẹ́rin ń ṣiṣẹ́ fún ológun nígbà gbogbo, méjì ń bá àwọn oníṣòwò kó ẹrù, ìjọba sì lè fún wọn ní ọjọ́ díẹ̀ kó pè wọ́n padà. Nǹkan bí ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ìjọba rí i pé mẹ́rin tó, ó sì jọ̀wọ́ méjì. Kí ló jẹ́ kó ṣeé ṣe? Ohun tí ológun ń fẹ́ àti ohun tí ọjà ń fẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ọkọ̀ tí pẹpẹ rẹ̀ le tó láti gbé tánkì yóò gbé tírélà ẹrù láìsí àtúnṣe kankan, ẹni tó fẹ́ yá a sì pọ̀ lójú òkun.

Nínú òfuurufú, ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ ká dúró níbẹ̀ díẹ̀.

Ní oṣù Kẹta ọdún 2008, lẹ́yìn ìdíje àti ìjíròrò tó gba ọ̀pọ̀ ọdún, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tọwọ́ bọ̀wé pẹ̀lú AirTanker fún bàálù Airbus A330 mẹ́rìnlá, tí wọ́n ń pè ní Voyager. Iṣẹ́ wọn ni láti máa fún àwọn bàálù ogun lépo lójú ọ̀run, kí wọ́n sì tún máa kó ọmọ-ogun àti ẹrù. Wọ́n rọ́pò VC10 àti TriStar tó ti gbó. EADS tó ti di Airbus báyìí, Rolls-Royce, Cobham, Thales àti VT ló jọ ni AirTanker nígbà náà. Ọdún 27 ni àdéhùn náà, títí di 2035, ní ibùdó Brize Norton. Gbogbo owó tí ìjọba ń retí láti ná lé e lórí jẹ́ bílíọ̀nù 10.5 pọ́n-ùn. Mẹ́sàn-án lára bàálù náà ń ṣiṣẹ́ ológun lójoojúmọ́. Márùn-ún yòókù, ilé-iṣẹ́ lè fi wọ́n ṣòwò, ìjọba lè pè wọ́n padà bí ọ̀rọ̀ bá le.

Bàálù náà fúnra rẹ̀ dára. Tọ́ọ̀nù 111 epo wọ inú ìyẹ́ rẹ̀ láìfi àgbá kankan kún un, nítorí náà àyè èrò 291 kù síbẹ̀. Àmọ́ nígbà tí National Audit Office, àwọn tó ń ṣàyẹ̀wò owó ìjọba níbẹ̀, gbé ìwádìí wọn jáde ní oṣù Kẹta 2010, ohun tí wọ́n sọ ni pé ilé-iṣẹ́ ìjọba kò lè fi hàn pé owó náà bá ohun tí wọ́n rà mu. Ìdíje ti tán kí wọ́n tó dé orí tábìlì ìtọwọ́bọ̀wé, ẹnì kan ṣoṣo ló kù. VC10 ń gbó lọ, ìjọba kò lè dìde kúrò níbi ìdúnàádúrà. Ọdún tí àwọn báńkì káàkiri ayé dàrú, tí owó yíyá wọ́n gógó, ni wọ́n sì lọ wá owó.

Àléébù kan ni ti ààbò. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti wà lójú ogun Afghanistan fún ọ̀pọ̀ ọdún nígbà tí wọ́n tọwọ́ bọ̀wé, síbẹ̀ bàálù tí wọ́n kọ sínú àdéhùn kò ní ìhámọ́ra tó lè jẹ́ kó fò wọ ibi tó léwu bẹ́ẹ̀. Láti fi í kún un lẹ́yìn náà, owó gọbọi ni.

Àléébù kejì ló dùn mí jù, torí òun ló kọ́ni jù. Ọ̀nà méjì ni bàálù fi ń gba epo lójú ọ̀run. Ní ọ̀nà kìíní, bàálù agbépo yóò tú okùn rọ́bà gígùn sílẹ̀ lẹ́yìn, apẹ̀rẹ̀ wà lẹ́nu rẹ̀, bàálù tó ń gba epo yóò sì fi ẹnu ṣóńṣó rẹ̀ gún inú apẹ̀rẹ̀ náà. Ní ọ̀nà kejì, ọ̀pá líle ló wà ní ìdí bàálù agbépo, òṣìṣẹ́ kan ń darí rẹ̀ wọ ihò kan lórí bàálù tó ń gba epo. Àdéhùn Voyager ra rọ́bà àti apẹ̀rẹ̀ nìkan. Tornado, Harrier àti Typhoon tí wọ́n ní nígbà yẹn, rọ́bà ni wọ́n ń lò, kò burú. Àmọ́ àwọn bàálù ńlá wọn míì, C-17 mẹ́jọ, Rivet Joint mẹ́ta, Poseidon P-8 mẹ́sàn-án, ọ̀pá ni gbogbo wọn ń fẹ́. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2025, ìjọba náà tún kéde pé àwọn máa ra bàálù ogun F-35A méjìlá. Ọ̀pá ni F-35A náà ń fẹ́. Bàálù agbépo mẹ́rìnlá wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò sì sí ọ̀kan tó lè fún wọn ní epo lójú ọ̀run. Airbus kan náà ń ṣe A330 tó ní ọ̀pá àti rọ́bà pọ̀. Ọsirélíà ní in, Faransé ní in, àwọn orílẹ̀-èdè NATO tó jọ dáwó ra tiwọn sí Eindhoven náà ní in.

Ẹnìkan lè ní, kí ló dé tí wọn kò kàn fi ọ̀pá kún un? Nítorí pé bàálù náà kì í ṣe tiwọn. Ìjọba yóò kọ̀wé béèrè àyípadà. AirTanker nìkan ló lè dá iye tí yóò jẹ́, kò sí ẹni tí yóò bá a díje. Àwọn tó yáni lówó yóò fẹ́ kí ẹnjiníà tiwọn yẹ̀ ẹ́ wò, torí bàálù náà ni ìdúró owó wọn. Wọn yóò jiyàn lórí ẹni tí yóò gba ẹ̀bi bí ìwé ẹ̀rí ìfòfuurufú bá pẹ́. Bàálù yóò wà ní gáráàjì fún ọ̀pọ̀ oṣù, owó ìmúrasílẹ̀ rẹ̀ yóò sì máa wọlé fún ẹni tó ni ín, torí ìjọba ló ní kí wọ́n gbé e wọlé. Àwọn àgbà wa ní ṣòkòtò àgbàbọ̀, bí kò bá fún ni lẹ́sẹ̀, á ṣoni. Rẹ́múrẹ́mú lohun ẹni ń bá ni mu. Ọdún 27 ti pẹ́ jù fún ṣòkòtò àgbàbọ̀ nínú iṣẹ́ tí irinṣẹ́ rẹ̀ ń yí padà. Tírélà àti ọkọ̀ ojú omi lè pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, ohun tí wọ́n ń ṣe kì í yí. Ohun tó bá gbọ́dọ̀ bá bàálù tuntun mu ní ọdún mẹ́wàá sí i, ẹ má jẹ́ kí àdéhùn rẹ̀ kọjá ọdún mẹ́wàá láìsí àyè àtúnṣe tí wọ́n ti dá iye rẹ̀ sílẹ̀ nígbà tí ìdíje ṣì wà.

Owó tí wọ́n retí lọ́dọ̀ àwọn oníṣòwò náà kò ṣe é gbára lé bí ti ọkọ̀ ojú omi. Wọ́n yá Thomas Cook, ilé-iṣẹ́ ìrìn-àjò ìgbafẹ́, ní ọ̀kan lára bàálù márùn-ún yẹn. Ní oṣù Kẹsàn-án 2019, Thomas Cook wó lulẹ̀. Wọ́n yá ilé-iṣẹ́ Jet2 náà. Àmọ́ bàálù tó bá fẹ́ kó arìnrìn-àjò ìgbafẹ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bọ́ ohun èlò ológun sílẹ̀, kó tún gbé e wọ̀ bí wọ́n bá pè é padà. Owó àti ọjọ́ ń lọ sí i lẹ́ẹ̀mejì.

Ìbéèrè mìíràn tí ẹnikẹ́ni kì í fẹ́ béèrè níbi àsè ìtọwọ́bọ̀wé ni ibi tí ilé-iṣẹ́ náà ti wá. Láti ọdún 2006, àwọn orílẹ̀-èdè NATO kan àti àwọn ọ̀rẹ́ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í yá bàálù Antonov An-124, èyí tó lè gbé 120 tọ́ọ̀nù, tí imú rẹ̀ ń ṣí sókè kí ẹrù lè wọlé. SALIS ni wọ́n ń pe ètò náà. Méjì wà ní Leipzig ní Jámánì nígbà gbogbo, méjì sí i láàárín ọjọ́ mẹ́fà, méjì mìíràn láàárín ọjọ́ mẹ́sàn-án. Gẹ́gẹ́ bí ètò ìmúrasílẹ̀, ó mọ́gbọ́n dání gan-an: wọ́n yá ohun tí wọn kò ní, iye tí wọ́n nílò nìkan. Àmọ́ àwọn méjì tó jọ ń pèsè rẹ̀ ni Antonov ti Yukiréènì àti Volga-Dnepr ti Rọ́ṣíà. Rọ́ṣíà gba Crimea ní 2014, ètò náà ṣì ń lọ. Àwọn méjèèjì pínyà, nígbà tó fi di 2018 Volga-Dnepr ti jáde kúrò nínú rẹ̀, Antonov nìkan ló kù. Ní oṣù Kejì ọdún 2022, ogun wọ Hostomel, pápákọ̀ tí Antonov fi ṣe ilé, wọ́n ba An-225 tó tóbi jù láyé jẹ́ níbẹ̀. Ilé-iṣẹ́ náà wá fi Leipzig ṣe ibùgbé. Lóṣù kan náà, An-124 kan ti Volga-Dnepr há sí Toronto, Kánádà kò jẹ́ kó gbéra mọ́. Ká ní àdéhùn ti 2006 ṣì wà bó ṣe wà, ìdajì ohun tí àwọn orílẹ̀-èdè wọ̀nyí fi ń gbé ẹrù wúwo ì bá wà lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n ń bá fa wàhálà.

Nítorí náà, kí orúkọ ẹni tó ni ilé-iṣẹ́, báńkì tó yá a lówó, àti ibi tí wọ́n ti forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀ wà nínú àdéhùn, kí àyípadà èyíkéyìí nínú wọn sì gba àṣẹ ìjọba kó tó wáyé.

Àwọn ará Amẹ́ríkà gba ọ̀nà mìíràn, mi ò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Ètò LOGCAP wọn bẹ̀rẹ̀ ní 1985, wọ́n sì gbé àdéhùn àkọ́kọ́ fún Brown and Root ní 1992: oúnjẹ, omi, aṣọ fífọ̀, ibùsùn, epo. Agbaṣẹ́ṣe ń náwó, ìjọba ń dá a padà, ó ń fi èrè lé e. Ó yá fún ogun tí ẹnikẹ́ni kò mọ bí yóò ṣe tóbi tó. Ṣùgbọ́n agbaṣẹ́ṣe kò ní ìdí láti ṣọ́ owó. Ní Iraq, àwọn olùṣàyẹ̀wò owó bá wọn jiyàn lórí ilé oúnjẹ tó jẹ́ pé iye ọmọ-ogun tí wọ́n retí ni wọ́n fi ń gba owó, tí kì í ṣe iye tó wá jẹun. Ìgbìmọ̀ tí ilé aṣòfin wọn yàn láti wádìí àdéhùn ogun sọ ní oṣù Kẹjọ 2011 pé ìfiṣòfò àti màkàrúrù ní Iraq àti Afghanistan tó bílíọ̀nù 31 sí 60 dọ́là. Ohun kékeré ló lè dín in kù: kí ẹnì kan tí ìjọba ń san owó oṣù fún dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé oúnjẹ kó máa ka orí. Ìjọba tó bá fi iṣẹ́ lé aládàáni lọ́wọ́, tó sì tún lé àwọn òṣìṣẹ́ tirẹ̀ tó mọ iṣẹ́ náà dànù, kò ní ẹni tí yóò máa ka orí mọ́.

Nàìjíríà ti ń yà sí ọ̀nà yìí. DICON, ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń ṣe nǹkan ìjà ní Kàdúná láti 1964, gba òfin tuntun ní ọdún 2023 tó ṣí ilẹ̀kùn fún aládàáni láti bá a dòwò pọ̀. Ìpínlẹ̀ Ògùn ní Proforce ní Òde-Rẹ́mọ, tó ń ṣe ọkọ̀ ìhámọ́ra. Ó sọ ọ̀kan lára wọn ní Ara, ààrá tiwa yìí gan-an. Ní ti òfin, ICRC, àjọ ìjọba Nàìjíríà (kì í ṣe ti Red Cross) tí wọ́n fi òfin ọdún 2005 dá sílẹ̀, ló ń ṣàkóso àjọṣepọ̀ irú èyí. Àmọ́ òfin ìrajà ìjọba ti 2007, abala 15, sọ pé òfin náà kò kan ohun àkànṣe fún ààbò orílẹ̀-èdè àyàfi tí Ààrẹ bá fọwọ́ sí i. Àlàfo yẹn fẹ̀ jù. Ìbọn lè jẹ́ àkànṣe. Táyà, ìrẹsì àti tírélà kì í ṣe àkànṣe. Kí wọ́n yà wọ́n sọ́tọ̀, kí ìdíje gbangba wà lórí ohun tí kò ní àṣírí kankan.

Ibi tí èmi ì bá ti bẹ̀rẹ̀ ni tírélà tó ń gbé katapílà. Àwọn agbaṣẹ́ṣe ojú títì ní wọn, awakọ̀ wọn mọ gbogbo kòtò tó wà lọ́nà Èkó sí Kánò, iṣẹ́ ajé sì wà fún wọn lọ́jọ́ tí ológun kò bá nílò wọn, gẹ́gẹ́ bí ti ọkọ̀ ojú omi mẹ́fà yẹn. Ọdún méje tó. Kí wọ́n kọ́kọ́ wọn afárá tó wà lójú ọ̀nà kí wọ́n tó dá iye tọ́ọ̀nù, torí afárá tí kò lè gbé ẹrù yóò sọ àdéhùn di ìwé lásán. Táyà àti páàtì, dọ́là ni wọ́n fi ń rà wọ́n, náírà ni ìjọba ń san. Bí wọn kò bá kọ bí owó yóò ṣe máa yí pẹ̀lú iye dọ́là, ìdajì ọkọ̀ yóò ti dúró sórí búlọ́ọ̀kù kí ọdún kejì tó pé. Kí wọ́n fi oṣù mẹ́ta owó sí àkántì ọ̀tọ̀ tí agbaṣẹ́ṣe lè rí ṣùgbọ́n tí kò lè fọwọ́ kàn àfi bí ìjọba bá falẹ̀. Kí awakọ̀ tí yóò kọjá sí apá ibi tí ìjà wà ti forúkọ sílẹ̀, kí ìbánigbófò ẹ̀mí rẹ̀ wà lọ́rùn ìjọba, kí orúkọ ẹni tí owó náà yóò kàn nínú ẹbí rẹ̀ sì ti wà nínú fáìlì kó tó gbéra.

Ìparí àdéhùn ni wọ́n máa ń gbàgbé jù. Ọdún méjì kó tó parí, kí ẹgbẹ́ méjèèjì jọ yẹ ọkọ̀ wò, kí ìjọba sì dá apá kan owó dúró títí àtúnṣe yóò fi parí, torí kò sí agbaṣẹ́ṣe tó máa ra táyà tuntun fún ọkọ̀ tó fẹ́ dá padà lóṣù tó ń bọ̀. Bí ọkọ̀ yóò bá di ti ìjọba, àwòrán ẹ̀rọ, ìwé àtúnṣe, kọ́kọ́rọ́ kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń yẹ ẹ́ńjìnnì wò, àti àkọsílẹ̀ gbogbo ọ́ìlì tí wọ́n ti pàrọ̀ láti ọjọ́ tí ọkọ̀ náà ti dé, gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ tẹ̀lé e wọ bárékè.